Aládùúrà Karùn-ún

Islamiat ti ki píìnì bọ àyà kòkòrò náà kí ó tó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń gbọ̀n.

"Ṣùkúrát, kò tíì kú o!"

"Yìnyín ló ń yọ́ lára ẹ̀," ni Ṣùkúrát, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wí. "Jọ̀ọ́, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ojo!"

Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ náà dúró.

Ní Àgbowó, "aládùúrà" ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pe kòkòrò yìí, nítorí bí ó ṣe máa ń káwọ́ síwájú. Inú ike omi tí ó gé lẹ́nu ni Islamiat ń sìn wọ́n sí, eṣinṣin ni ó fi ń bọ́ wọn. Bí ọ̀kan bá kú, á la ikùn rẹ̀, á yọ ìfun, á ki òwú sí i, á fi píìnì kàn án mọ́ fóòmù. Ó di ìgbà tó bá gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó wọ páálí bàtà. Á wá lẹ bébà kékeré sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: ọjọ́ tó kú, àti ohun tó pa á. Mẹ́rin ló ti wà níbẹ̀. Kò fọwọ́ ara rẹ̀ pa ìkankan rí.

Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́, olùkọ́ bàọ́lọ́jì, ló ní ẹni tó bá kó irú kòkòrò gbígbẹ bẹ́ẹ̀ márùn-ún wá lọ́jọ́ Ẹtì ni òun yóò mú lọ sí yunifásítì, kí ó ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi níbi tí wọ́n ń tọ́jú òkú kòkòrò sí. Ìyá Islamiat ti sọ tirẹ̀: bí ọ̀nà ìwé kò bá là, ilé ìránṣọ ni.

Ṣùgbọ́n karùn-ún kò kú. Ikùn rẹ̀ tóbi, ó ń rìn jẹ́jẹ́.

"Ṣé kòkòrò ló máa sọ ẹ́ di télọ̀ ni?" Ṣùkúrát fi í rẹ́rìn-ín. "Fírísà màmá mi wà níbẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Ìyẹn ni wọ́n ṣe: wọ́n gbé e sínú fírísà títí kò fi mira mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni, kò sí àyè láti la ikùn, kò sí àyè láti sá a. Islamiat kàn án mọ́ àárín àwọn yòókù, ó kọ ọ́ sí bébà pé: "Ó kú fúnra rẹ̀." Ó de páálí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, olùkọ́ kò wá. Ó di ọjọ́ Ajé.

Nígbà tí olùkọ́ ṣí páálí, òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Èèrà bo gbogbo rẹ̀. Òórùn karùn-ún ló pè wọ́n. Wọ́n sì jẹ mẹ́rin yòókù mọ́ ọn. Olùkọ́ fi ṣóńṣó bírò kan ikùn tó jẹrà náà. Ẹyin ló kún ibẹ̀.

"Islamiat, kí ló pa eléyìí?"

"Ó kú fúnra ẹ̀, sà."

Olùkọ́ fa bébà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ, ó nà án sí i.

"Èmi ni, sà. Mo pa á."

"Bébà yìí gan-an ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ mú ọ lọ ṣe," ni olùkọ́ wí. "O purọ́ sórí ọ̀kan. Ta ló máa gba mẹ́rin tó kù gbọ́?"

Jọlá, ọmọ kíláàsì wọn kan tó kó márùn-ún tirẹ̀ wá, ni ó mú lọ.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Islamiat mọ òwe náà tẹ́lẹ̀. Irọ́ kan ṣoṣo ló ba òótọ́ mẹ́rin jẹ́. Ẹkún kò sì tún un ṣe.

Ó wà ní ilé ìránṣọ kan ní Bódìjà báyìí. Píìnì márùn-ún ló kù nínú páálí náà. Ọ̀gá rẹ̀ ń lò wọ́n.