Amọ̀ Funfun Tí Kì Í Gbàgbé

Adérìnsọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Rínsọ́lá ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni.

Ní àárọ̀ Sátidé yìí, Rínsọ́lá ti wọ bàtà kí ó tó fọ eyín. Ibi tí wọ́n ń lọ ló fà á.

Dádì ń mú un lọ sí ilé tánganran ní Accokeek. Wọ́n ti ń fi amọ̀ funfun mọ àwo níbẹ̀ láti ayé ọjọ́un.

Mọ́mì kò ní bá wọn lọ. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni, oorun ti kún ojú rẹ̀. Ó mu tíì díẹ̀ nínú ife bébà, ó sì lọ sùn.

Rínsọ́lá wo ife bébà náà lórí tábìlì. Ó ti rún. Ó ti rọ̀. Ó ṣe Rínsọ́lá láàánú.

"Dádì," ni ó wí, "mo máa mọ ife fún Mọ́mì. Ife gidi."

Dádì ní kò burú. Ó ní òun náà á mọ tòun, tòun á sì gún régé ju ti gbogbo ayé lọ. Bí Dádì ṣe máa ń fọ́nnu nìyẹn.

Vùùù! Ọkọ̀ gbéra nílé wọn ní Springdale. Ṣọ́ọ̀bù kọjá. Ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn tún kọjá.

Nígbà tó yá, igi ló kù. Igi, igi, igi, ẹṣin kan, igi. Wọ́n dé.

Ilé méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà níwájú, èkejì wà lẹ́yìn.

Ilé iwájú ni wọ́n kó àwọn àwo àtijọ́ sí. Àwo funfun. Àwo olódòdó búlúù. Ife tó fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba ara rẹ̀ kọjá. Gbogbo wọn wà lẹ́yìn gíláàsì.

Rínsọ́lá na ìka. Dádì fà á sẹ́yìn.

Rínsọ́lá tún na ìka. Dádì tún fà á sẹ́yìn. Nínú ilé iwájú, ojú lásán ni wọ́n fi ń wo nǹkan.

Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀yìn ńkọ́? Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe tibẹ̀!

Amọ̀ wà níbẹ̀. Ó funfun, ó sì rọ̀ bí iyán. Rínsọ́lá gbé e sí imú. Kì í ṣe iyán.

Ààrò ńlá kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́. Ó fẹ̀ tó yàrá Rínsọ́lá. Inú rẹ̀ ni amọ̀ ti ń jinná, tó ń di tánganran.

Obìnrin kan tó wọ épúrọ́ọ̀nù fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Rínsọ́lá fún amọ̀. Fún, fún, fún. Ó ki àtàǹpàkò bọ àárín rẹ̀. Ó yí i, ó tẹ̀ ẹ́. Ó yí i, ó tẹ̀ ẹ́.

Díẹ̀díẹ̀, ife jáde. Ikùn rẹ̀ rí roboto. Ẹnu rẹ̀ rí roboto. Kò sí ibì kankan tó wọ́.

Dádì na ọrùn wò ó. Ó tún tẹra mọ́ mímọ ife tirẹ̀.

Ó ku kí Rínsọ́lá gbé ife lọ sórí pẹpẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá àgbà kan wọlé, ó ń fi ọ̀pá rìn. Irun rẹ̀ funfun bí amọ̀ ibẹ̀. Miss Loretta ni. Òun ló ni ilé tánganran.

Nílé Rínsọ́lá, bí àgbà bá wọlé, ọmọbìnrin á kúnlẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Lanham, bẹ́ẹ̀ náà ni. Orúnkún Rínsọ́lá ti mọ̀ ọ́n. Kì í dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Gbì! Orúnkún méjèèjì kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni Rínsọ́lá wí.

Miss Loretta kò rí irú rẹ̀ rí. Ó rò pé nǹkan ọmọ náà ló jábọ́. Ló bá gbé ọ̀pá sílẹ̀, ló bá kúnlẹ̀ òun náà, ó ń wo abẹ́ tábìlì. Ó ní kí ni wọ́n ń wá? Ṣé yẹtí ni?

Àgbà ń kúnlẹ̀ níwájú ọmọdé kẹ̀? Dádì sáré wá gbé e dìde. Ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń ṣàlàyé pé ìkíni lásán ni. Miss Loretta rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Rínsọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí orúnkún kanlẹ̀, ọwọ́ ti fún ife mọ́ra. Ẹnu ife ti wọ́.

Ife Mọ́mì ti wọ́.

Dádì ní kò le rárá, kí wọ́n ṣáà fi ìka tẹ̀ ẹ́ padà. Miss Loretta mi orí.

"Amọ̀ yìí kì í gbàgbé," ni ó wí. "Ohun tí ọwọ́ bá ṣe fún un, ó ń rántí. O lè tẹ̀ ẹ́ kó tọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n bó bá dénú iná, á tún padà wọ́."

Wọ́n sì ti fẹ́ palẹ̀ mọ́. Kò sáyè láti mọ òmíràn.

Omijé kan bọ́ sílẹ̀. Tó. Rínsọ́lá fi apá nu ojú. Ó rò ó. Ó tún un rò.

"Ṣé gbogbo nǹkan ló ń rántí, mà?" ni ó béèrè.

Miss Loretta ní gbogbo nǹkan ni.

"Tó bá jẹ́ nǹkan tó dáa ńkọ́?"

Miss Loretta ní ó ń rántí ìyẹn náà.

"Á jẹ́ pé nǹkan tó dáa ni mo máa ṣe fún un," ni Rínsọ́lá wí.

Kò tẹ̀ ẹ́ padà. Ibi tó wọ́ gan-an ló dì mú. Ó fà á síwájú, díẹ̀. Ó tún fà á, díẹ̀ sí i. Ó fi omi pa á lára kó lè dán.

Ẹnu kékeré kan yọ síwájú, ṣóṣóró, bí ẹnu ẹyẹ.

Kì í ṣe ife mọ́. Jọ́ọ̀gì ni. Jọ́ọ̀gì kékeré tí Mọ́mì á máa fi da mílíìkì sí tíì.

Miss Loretta wò ó, ó tún un wò. Ó fúnra rẹ̀ gbé e sórí pẹpẹ. Ó gbé ife Dádì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Wọ́n padà sílé, wọ́n wá ń dúró. Amọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ. Lẹ́yìn náà, iná. Lẹ́yìn náà, iná tó gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Dádì, ṣé ó ti jinná?"

Ó tì.

"Dádì, ṣé ó ti wá jinná?"

Ó tì o. Ẹ̀rù ń ba Rínsọ́lá. Bí jọ́ọ̀gì bá là nínú iná ńkọ́? Kí ló máa wá fún Mọ́mì?

Àfi bí fóònù ṣe dún ní Sátidé kan. Ó ti jinná!

Lọ́tẹ̀ yìí, Mọ́mì bá wọn lọ. Kò tilẹ̀ tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì. Ó ní oorun á dúró de òun.

Miss Loretta mú igi tín-ín-rín kan. Ó ní bí tánganran bá là nínú, ojú lè má rí i, etí ló máa gbọ́ ọ. Èyí tí ara rẹ̀ pé á dún tíín. Èyí tó ti là á dún kọ̀.

Ó kọ́kọ́ mú ife Dádì. Ó gún régé lóòótọ́. Dádì gbé àyà síwájú.

Kọ̀.

Dádì ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un lù.

Kọ̀.

Mọ́mì fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín. Dádì ní kò sí wàhálà, òun á máa kó bírò sínú rẹ̀.

Rínsọ́lá yíjú sí jọ́ọ̀gì rẹ̀. Bí èyí tó gún régé bá là, èyí tó ti wọ́ rí ńkọ́? Ó rọ̀ mọ́ Mọ́mì. Ó di ojú.

Miss Loretta gbé igi sókè.

Tíííín!

Ohùn náà yí gbogbo yàrá ká. Ó lọ bá bíríkì, ó lọ bá fèrèsé, ó tún padà wá.

Miss Loretta tún un lù, torí pé ó dùn mọ́ ọn. Tíííín!

Rínsọ́lá fò sókè. Dádì gbé e sí èjìká, wọ́n jó yí ààrò ká. Dádì ti gbàgbé ife tirẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí wọ́n jó tán, Miss Loretta tẹ́ ọwọ́. Ó bẹ Rínsọ́lá pé kó jẹ́ kí òun gbé jọ́ọ̀gì náà sí ilé iwájú, lẹ́yìn gíláàsì, láàárín àwọn àwo àtijọ́. Ó ní òun á kọ orúkọ Rínsọ́lá sábẹ́ rẹ̀.

Rínsọ́lá wo jọ́ọ̀gì. Ó wo Mọ́mì.

"Ẹ ṣé gan-an mà," ni ó wí, "ṣùgbọ́n Mọ́mì mi ló ni ín. Wọ́n fẹ́ máa lò ó ni."

Miss Loretta ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Dádì ní bí wọ́n bá ṣáà ń wá nǹkan tí wọ́n máa gbé sẹ́yìn gíláàsì, ife tòun wà ńlẹ̀. Ni Mọ́mì bá bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n délé, Mọ́mì jókòó. Tíì ń rú èéfín. Rínsọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì gbé jọ́ọ̀gì.

Ṣààà. Mílíìkì gba ẹnu ṣóṣóró náà jáde. Ẹ̀kán kan kò kán sórí tábìlì.

Mọ́mì mu ún. Ó mu ún tán pátá. Ó wá pe Rínsọ́lá ní oríkì rẹ̀, èyí tí kì í pè àfi tí inú rẹ̀ bá dùn dẹ́yìn.

"Àdùkẹ́," ni Mọ́mì wí. "Àdùkẹ́ mi, o káre. Mo tún fẹ́ tíì, tún da mílíìkì sí i fún mi."

Rínsọ́lá sì tún dà á fún un.