Kọ̀ǹpútà Ọlọ́pọlọ Mẹ́jọ

Mànàmáná jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ńlá ilé-ẹ̀kọ́, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo dígí. Àwọn ọmọ kíláàsì ló ń pe ọmọbìnrin náà bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá a lábàá fún wọn.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí ni láti dá ohun tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé-ẹ̀kọ́ kọjá mọ̀. Bó bá jẹ́ ìdánwò, á ṣí ọ̀nà fún un. Bó bá jẹ́ fíìmù, á ní kó rọra. Ọpọlọ mẹ́jọ ló ní, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, ìyókù káwọ́ gbera. Ẹni tó bá mú un yára jù ni wọ́n máa gbé lárugẹ lọ́jọ́ àwọn òbí.

Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gé ohun téèyàn bá fi ránṣẹ́ kó tó rìn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mànàmáná kọ́kọ́ ń kó gbogbo ègé ohun kan fún ọpọlọ kan. Kò ṣàṣìṣe, àmọ́ eré rẹ̀ kò jọni lójú. Ló bá ń há ègé káàkiri bí ẹni ń pín ayò, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Kọ̀ǹpútà wá ń sáré bí ẹni tí oyin lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dán an wò, léraléra ló ń pe ìdánwò ní fíìmù.

"O fa lẹ́tà kan ya, o há a fún èèyàn mẹ́jọ," ni ọ̀rẹ́ náà wí. "Ta ló fẹ́ mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó rọra?" ni Mànàmáná fèsì, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ àwọn òbí, Mànàmáná ni wọ́n gbé lárugẹ. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tí kò mọ ohunkóhun nípa kọ̀ǹpútà, ló ń kan sáárá sí i jù. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà nìkan ló bi í bóyá kọ̀ǹpútà náà kì í ṣi nǹkan mú. Mànàmáná ní kì í ṣì í mú rárá, sà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn títí ọwọ́ fi ń ta á.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n yìí. Ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà tí ìyá wọn kú, kí àbúrò lè kàwé. Ní báyìí ó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwọlé sílé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, inú iyàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ Mànàmáná sì ni wọ́n ti máa ṣe é. Bí ọdún yìí bá kọjá, ọjọ́ orí rẹ̀ ti ju ohun tí wọ́n ń gbà lọ.

Láàárọ̀ ìdánwò, ìbéèrè kọ̀ láti jáde lójú ẹ̀rọ àwọn tó fẹ́ ṣe é. Kọ̀ǹpútà ńlá ti ka ìdánwò sí fíìmù, ó ní kó rọra. Mànàmáná, tó wà níbẹ̀, mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ká ní ó sọ ọ́, wọn ì bá dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀ kíá. Ṣùgbọ́n ọ̀gá dúró ti àwọn àlejò, ó ń fi í yangàn. Mànàmáná ní àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wọn ló fà á. Wọ́n ń pe àwọn yẹn títí àkókò fi tán.

Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. "Má sunkún mọ́, ọmọ ìyá mi. Ká ní kì í ṣe pé o mú un yára ni, ì bá tún burú jù báyìí lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ló tú àṣírí. Mànàmáná jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"O ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n kò bú u. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fa aṣọ oníbàárà mọ́ra, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tó yára tí kò pé, ẹ jẹ́wọ́ àbùkù rẹ̀ kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́. Eré téèyàn bá fi irọ́ sá, ẹlòmíì ló sábà máa ń ṣubú níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn wa jù lọ.