Oníbàárà Tí Kò Nájà

Obìnrin náà kò nájà. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe Rọ̀kíbátù ní kàyéfì nìyẹn, torí láti ìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kú tó ti ń ta ẹja yíyan ní Ìpakodò, kò tíì rí ẹni tó mú ẹja tí kò kọ́kọ́ bú ẹja náà pé ó kéré. Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo etí omi ti di ẹrẹ̀, àmọ́ eruku pupa gbígbẹ ló bo ẹsẹ̀ obìnrin náà dé orúnkún. Ó nàka sí bébà kan nínú páálí bébà àlòkù tí Rọ̀kíbátù gbé wá láti ilé.

"Èyí ni kẹ́ ẹ fi dì í fún mi."

Rọ̀kíbátù dì í. Bébà ni bébà lójú ẹni tí kò kàwé. Obìnrin náà wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Nírọ̀lẹ́, Oyèdèjì, tíṣà yunifásítì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ Rọ̀kíbátù ní Lásùnwọ̀n, ń tú gbogbo ilé, ó ń wá bébà kan. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń kọ ìwé nípa àwọn ará Sípéènì tó gba ilẹ̀ onílẹ̀ lókè òkun láyé àtijọ́, tí wọ́n kọ́ ilé ọmọ ogun sí etí aṣálẹ̀. Rọ̀kíbátù ti sọ fún un rí pé ọ̀rọ̀ òkú tí kò bá a tan kò lè fẹ́ ìyàwó fún un. Orí bébà kan ṣoṣo ni gbogbo ìwé náà dúró lé: ẹ̀dà àkọsílẹ̀ àwọn ẹrú tó wà nínú ilé ọmọ ogun ọ̀hún. Ojúlówó ẹ̀ ti jóná ní Sípéènì. Obìnrin kan wà nínú àwọn ẹrú náà tí wọ́n ń pè ní Màríà. Ó sá wọ aṣálẹ̀, wọn ò sì rí i mọ́. Orí páálí tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Oyèdèjì gbé bébà náà sí láàárọ̀, kó tó lọ wẹ̀.

"Ìyá, wọ́n ya ilà ojú Màríà síbẹ̀," Oyèdèjì wí. "Mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan dábùú wọn."

Rọ̀kíbátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti rí ilà yẹn lọ́sàn-án, lójú oníbàárà tí kò nájà yẹn.

"Ìgbà wo lo ní ó sá?"

"Ó ti lé ní igba ọdún."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì lọ bá Tìrìmísíyù, ọlọ́kọ̀ tó gbé obìnrin náà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bébà náà wà lọ́wọ́ ẹ̀, òróró ẹja kò kàn án. Ó ní obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé Ẹ̀pẹ́. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbẹ́nu lé ilẹ̀, ó pe orúkọ kan síbẹ̀.

"Ó ní kí n dá bébà yìí padà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ta ẹja fún òun. Ó ní kẹ́ ẹ sọ fún tíṣà yín pé òun ò jẹ́ Màríà."

Oyèdèjì ṣí i. Orúkọ gbogbo àwọn yòókù pé. Ibi tí Màríà àti ilà ojú ẹ̀ wà mọ́ lau, bí ibi tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan sí rí.

Rọ̀kíbátù rò pé Oyèdèjì máa sunkún. Bàtà ló bọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, ó kọjú sí Ẹ̀pẹ́. Rọ̀kíbátù, tí kò sunkún nígbà tí wọ́n ń sin ọkọ ẹ̀, kúnlẹ̀ tì í, omi ń dà lójú ẹ̀.

"Kí lo wá fẹ́ kọ báyìí?"

"Pé ó délé, Ìyá. Kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́."

Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Níwájú ọkọ̀ Tìrìmísíyù, níbi tí obìnrin náà jókòó sí, eruku pupa ṣì wà níbẹ̀. Òjò ń rọ̀ lé e lórí, kò tutù.