Bọ́tìnnì Tí Kò Yọjú

Ẹ ti ń fura, ẹ ò sì ṣìnà: ọkùnrin tó ń tilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ayé máa rí ẹnì kan tó wù ú kó wọlé.

Àárọ̀ ọjọ́ òjò ni ọmọbìnrin kan wọlé dé. Ọmọbìnrin náà gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn dé ọsibítù, omi ń kán tótó láti etí irun rẹ̀. Ayàwòrán-ilé ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ ní àjà òkè. Iṣẹ́ ti ọkùnrin náà ni kó máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà gbogbo ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àgádágodo ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe. Òun kà á sí oyè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bùráúsà mi tún ti kú."

"Ìgbà wo ló kú gbẹ̀yìn?"

"Kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Ó tún kú lórí àtẹ̀gùn."

Àgádágodo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rí eyín rẹ̀ níbẹ̀. Ó jókòó, ó pa èyí, ó pa tọ̀hún: kámẹ́rà, makirofóònù, àwọn fèrèsé tó ń yọjú láìpè, títí kan kóòdù tó ń mú ojú-ìwé ṣiṣẹ́. Bùráúsà náà kò kú mọ́. Lóòótọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n kò kú.

"Ẹ wo bó ṣe dákẹ́ jẹ́ẹ́."

"Ẹ ti dè é tọwọ́ tẹsẹ̀ ni, sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbà á lọ́kàn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun ọ̀sán pọ̀, tí "ẹ" di "o", tí "sà" di "ọkọ mi". Lọ́jọ́ tó fẹ́ sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọ́kọ́ pa fóònù àwọn méjèèjì.

"Ta ló fẹ́ gbọ́ wa?"

"O ò lè mọ̀."

"Kí wọ́n gbọ́ ná! Ṣé ìtìjú ni mo jẹ́ ni?"

Wọ́n fẹnu kò láti ṣègbéyàwó. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ọ́fíìsì ìgbéyàwó ti ń gba tọkọtaya: ìyàwó á tẹ "Mo gbà", ọkọ náà á tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin náà yọ fóònù rẹ̀, ó tẹ tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà Àgádágodo, ojú-ìwé náà funfun báláú. Kò sí bọ́tìnnì kankan.

"Bùráúsà burúkú!" Ó wá òmíràn. Ó tún wá ẹ̀kẹta. Kó tó lò wọ́n, á kọ́kọ́ pa ohun gbogbo inú wọn. Wọ́n á sì fi funfun báláú kan náà hàn án. Ó ṣépè fún àwọn tó ṣe wọ́n.

"Ṣí ohun tó o pa, ìfẹ́ mi. Ìṣẹ́jú kan péré."

"Ìṣẹ́jú kan yẹn náà lolè ń dúró dè."

"Lo fóònù mi nígbà náà."

"Fóònù ẹ kẹ̀! Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń gbé."

Lọ́tẹ̀ yìí ọmọbìnrin náà kò ṣẹ̀fẹ̀. "Ilé-iṣẹ́ kan ń pè mí sí ìlú òkèèrè, mo sọ fún wọn pé mò ń lọ sílé ọkọ. Bàbá mi ń bi mí lójoojúmọ́ bóyá o ti tẹ̀ ẹ́. Kí ni kí n wí fún wọn, pé ẹ̀rù bọ́tìnnì ń bà ọ́?"

"Kì í ṣe ẹ̀rù. Ìṣọ́ra ni."

"Ta lò ń ṣọ́ra fún? Èmi?"

Àgádágodo ti ń wá bùráúsà kẹrin.

"Tó bá di ọjọ́ Ẹtì tí o kò tíì tẹ̀ ẹ́, màá lọ."

Ọjọ́ Ẹtì kọjá lórí bùráúsà kẹrin. Lọ́jọ́ Ajé ó gòkè lọ bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Tábìlì ọmọbìnrin náà ti ṣófo. Rúlà rẹ̀, pẹ́ńsù rẹ̀, kò sí ọ̀kan.

Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ohun gbogbo. Olè kankan kò wọlé. Ojú-ìwé náà mọ́lẹ̀, bọ́tìnnì yọ, tútù yọ̀yọ̀ bí ewé. Ó fi omijé tẹ̀ ẹ́: "Mo gbà."

Èsì dé lójú ẹsẹ̀: "Ẹnìkejì yín ti yọ ìfọwọ́sí rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."