Ọ̀dà Tuntun Lára Kúlà

Ọkùnrin kan ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ onígbòkun ṣe ní èbúté. Kò-Séwu ni wọ́n ń pè é, nítorí èsì kan náà ni ó ní fún gbogbo ìbéèrè. Kì í mutí, kì í jalè. Bí o bá pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀, yóò fi ọ́ rẹ́rìn-ín.

Àbúrò rẹ̀ ní ọkọ̀ kan. Kúlà ni ó ń mú omi gbígbóná inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà tutù. Àgbá bàbà kékeré ni, omi òkun a sì máa gba inú àwọn páìpù tín-ín-rín rẹ̀ kọjá. A máa ń fi ègé irin kan tí wọ́n ń pè ní síńkì sínú rẹ̀, kí omi iyọ̀ lè máa rí i jẹ dípò bàbà. Lọ́dọọdún ni a gbọ́dọ̀ tú kúlà, kí a fi wáyà gún inú páìpù rẹ̀ kó mọ́, kí a sì pààrọ̀ síńkì.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ tú kúlà?"

"Kò séwu. Ìwọ tí mo kọ́ ní okùn bàtà dídì, ṣé o ti fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

"Ẹ máà bínú, ọ̀gá àwọn ọ̀gá. Ó di Sátidé."

Kò-Séwu kò tú u. Ó fi àkísà nu ẹ̀yìn kúlà náà, ó sì kùn ún ní ọ̀dà. Ọdún kẹta rèé tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àbúrò wà lójú òkun, ìjì sì ń gbá ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ibi àpáta. Àwọn apẹja gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Lẹ́yìn náà èéfín funfun rú, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. Wọ́n fa ọkọ̀ náà wálé. Wọn kò rí àbúrò.

"Ọmọ mi, ṣé o tú ẹ́ńjìnnì yẹn wò?" ni ìyá wọn bi í.

"Mo tú u, Màmá."

"O ṣeun. O ṣe tìrẹ."

Ọpẹ́ yẹn gún un ju èébú lọ. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì tú kúlà náà nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. Iyọ̀ ti dí gbogbo páìpù. Omi iyọ̀ ti jẹ síńkì tán. Orí ìdè, irin tó dì í mú, nìkan ló kù.

Ibẹ̀ ni bàbá arúgbó tó ń rán ìgbòkun bá a.

"Bàbá, èmi ni mo pa á."

Arúgbó náà jókòó. "N kò ní purọ́ fún ọ pé ìwọ kọ́. Ṣùgbọ́n Jésù jẹ́ kí ikú jẹ Òun dípò rẹ."

"Ṣé yóò dá àbúrò mi padà fún mi?"

"Kì í ṣe láyé yìí."

"Kí ni kí n wá fi í ṣe?"

"Ọ̀dà lo ti ń kùn síra rẹ láti ọjọ́ yìí. Jẹ́ kí Ó tú ọ."

Ó pẹ́ kí ó tó kúnlẹ̀ sínú epo tó dà sílẹ̀. "Olúwa, n kò tú u." Gbogbo àdúrà rẹ̀ nìyẹn.

Ó di orí ìdè náà mọ́wọ́ lọ bá ìyá rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́. Ìyá kọjú sí ògiri.

Títí di òní, ó ń kí ìyá rẹ̀ láràárọ̀, ìyá kò sì dá a lóhùn. Ọ̀fọ̀ náà kò fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò purọ́ mọ́, kò sì dá nìkan gbé e; Jésù ń bá a gbé e.

Ìwọ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, ara rẹ ń dán lójú èèyàn. Kí ni o kò tíì tú? Sọ ọ́ fún Jésù nísinsìnyí, níbi tí o wà yẹn. Àbúrò yẹn náà ti ní Sátidé lọ́kàn, kò sì rí i.