Ọwọ́ Tó Jó Irin Náà

Nínú ọkọ̀ tí kò ní ẹnjìnnì ni ajórin ti kọ́kọ́ rí aránṣọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló ń fi okùn fa jíìpù àtijọ́ náà bọ̀, táyà méjì ti jò tán, koríko hù jáde níbi tí iná iwájú ti yọ. Obìnrin náà jókòó sídìí sítíárì, ó ranjú kalẹ̀, ó di sítíárì mú bí ẹni di ìwo màlúù mú. Tépù tí ó fi ń wọn ara àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀; ó ti gbàgbé láti bọ́ ọ kó tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n tú okùn, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi òkúta dí ìdí táyà.

"Màdáàmù, kò ní ẹnjìnnì," ni ajórin wí. "Ibo ló fẹ́ sá lọ?"

"Ẹ kò mọ̀ ọ́n ni, ọ̀gá. Ẹ fi òkúta sí i."

Ó fi òkúta sí i. Bí ìfẹ́ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹnìkan á pàṣẹ, ẹnìkejì á ṣe é, kò sì ní mọ ohun tó sún un ṣe é.

Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ni. Bàbá ti kú, ọkọ̀ sì ti wà lẹ́yìnkùlé láti ọdún méje. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá gbé e, kí ojú òun má rí i mọ́. Aránṣọ kò gbà. Ó fẹ́ kí wọ́n tú u palẹ̀ dé orí ṣásí, irin gígùn méjì tí gbogbo ara ọkọ̀ jókòó lé, kí wọ́n sì tún un tò láti ibẹ̀.

"Ó máa tó ọdún kan o," ni ajórin wí.

"Aṣọ ìyàwó ni iṣẹ́ mi. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ sùúrù."

"Ta ló wá máa rán tiyín?"

"Ẹ mójú tó ọkọ̀, ọ̀gá. Ẹ fi aṣọ mi sílẹ̀."

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń wá. Á wọ ṣòkòtò gbígbó, á mú búrọ́ọ̀ṣì wáyà, á máa ha ìpẹtà kúrò lára irin. Ó rí i pé inú agolo kan ṣoṣo ni ajórin ń da gbogbo bóòtù sí, ó pòṣé. Ní Sátidé kejì ó kó àpò kéékèèké dé, ó ti fi òwú pupa kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí bóòtù ilẹ̀kùn má bàa dàpọ̀ mọ́ ti ìjókòó. Ajórin, tí kò ní ètò kankan láyé rẹ̀, wá di ẹni tó ń ka nọ́ńbà. Kí wọ́n tó yọ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn.

Lọ́jọ́ kan ó dúró ti ibi tí ajórin ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, ó fi ìka tọ́ ọ.

"Bí rírán ló rí. Mo lè mọ ọwọ́ aránṣọ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń kánjú àtèyí tó ń tòògbé. Ẹ̀yin ajórin ńkọ́?"

"Àwa náà mọ̀ ọ́n. Tèmi máa ń ṣẹ́rí sósì níparí. Ọwọ́ òsì ni mò ń lò."

"Kò burú. Bí o bá jalè, a ó mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń wa ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ tí bàbá wa kú. Ní kọ́nà, ó ṣàdédé ya bàrá wọ kòtò. Ẹ̀gbọ́n mi búra pé sítíárì ò gbọ́ tòun mọ́. Ta ló máa gbà á gbọ́? Wọ́n ní eré ló ń sá. Màmá ní kó má tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ajórin nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti gbé ara ọkọ̀ kúrò lórí ṣásí, ó sì ń ha ọ̀dà dúdú kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n de ẹsẹ̀ sítíárì mọ́. Ó kan irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n jó lé ibẹ̀. Etí rẹ̀ gan-an ni ṣásí ti ṣẹ́. Iwájú tó gbá kòtò kàn tẹ̀ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lábẹ́ irin pẹlẹbẹ yìí, ìpẹtà ti jẹ ojúlówó irin di lẹ́búlẹ́bú. Kì í ṣe kòtò ló ṣẹ́ ẹ. Ó ti ṣẹ́ kó tó dé kòtò. Ojú jíjó náà sì ṣẹ́rí sósì níparí.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó rántí. Kò tíì dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà. Ọ̀gá rẹ̀ rìnrìn àjò, bàbá kan gbé jíìpù aláwọ̀ ewé wá, ó ní òun ń kánjú. Ọ̀gá kì í yé wí i pé, "A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Gé ìpẹtà kúrò kó o tó jórin." Kò gé e. Ó fi irin pẹlẹbẹ bò ó, ó jó o, ó kùn ún ní ọ̀dà, bàbá náà sì dúpẹ́, ó pè é ní ọmọ dáadáa. Nígbà tí jíìpù náà tún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n ti kùn ún ní funfun, kò dá a mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa rẹ̀, kò ṣe akin lọ́jọ́ náà. Ó gé irin náà kúrò, ó jù ú sáàárín pàǹtí irin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ní Sátidé kejì nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ó bi í pé ṣé á fẹ́ òun. Aránṣọ ní òun á fẹ́ ẹ. Inú ajórin ìbá dùn bí inú bá ṣì wà nínú rẹ̀ tó lè dùn.

Sátidé kẹta ni ọ̀rọ̀ bẹ́.

"Ohun kan ló ń dùn mí," ni aránṣọ wí. "Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, kò ní sí bàbá, kò ní sí ẹ̀gbọ́n. Mi ò tiẹ̀ mọ ojú tí mo fẹ́ fi pè é."

Ajórin dìde. Ó lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó tú pàǹtí irin títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀, ó gbé irin náà wá, ó fi lé orí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò fi bò rárá, kò sì di ẹ̀bi ru bàbá tó ní òun ń kánjú.

Aránṣọ fi ìka tọ́ ojú jíjó náà dé ìparí. Ó dìde, ó tọ́ èyí tí ajórin jó ní àná lára ṣásí. Ó padà wá.

"Ọwọ́ kan náà ni."

"Ọwọ́ mi ni."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Kó o tó ní kí n fẹ́ ẹ."

Aránṣọ tú gèlè rẹ̀, ó fi di irin náà, ó gbé e jáde bí ẹni gbé òkú ọmọ. Kò pariwo, kò sunkún. Ìbá sàn fún ajórin ká ní ó gbá a létí.

Oṣù méjì kọjá. Kò rí i. Ó ń ṣiṣẹ́ jíìpù náà bí ẹni ń ṣẹ̀wọ̀n, ó ń gé gbogbo ibi tí ìpẹtà bá ti fojú hàn, kódà ibi tí kò tíì jẹ dénú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin gíga kan wọlé, orí rẹ̀ ti funfun ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni."

Ẹ̀gbọ́n aránṣọ mú òòlù, ó wọ abẹ́ ṣásí, ó ń kan ojú jíjó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí i. Ó pẹ́ kó tó jáde.

"Àbúrò mi wá bá mi. Ó gbé irin náà síwájú Màmá, èmi náà wà níbẹ̀. Màmá ò tọrọ àforíjì o. Ó kàn ní kí n wá jókòó. Lẹ́yìn ọdún méje, ó ní kí n wá jókòó." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò dárí jì ẹ́."

"Mi ò bẹ̀ ẹ́ fún un."

"O ì bá má sọ ọ́. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀." Ó wo ṣásí lẹ́ẹ̀kan sí i. "Àbúrò mi ò jẹun dáadáa. Parí ọkọ̀ yìí."

Wọ́n ti gbé ẹnjìnnì mìíràn sínú ọkọ̀; ọjọ́ tí ajórin ń kùn ún ní ọ̀dà ni aránṣọ tó dé. Ó ti rù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo gbìyànjú láti kórìíra ẹ."

"Ṣé ó ṣe é ṣe?"

"Ó ń ṣe é ṣe láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi." Ó sún mọ́ ọn díẹ̀. "Ti ìgbà yẹn, ọmọdé ni ẹ́, o kánjú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, àgbàlagbà ni ẹ́. Òun ni mi ò lè gbàgbé."

"Má gbàgbé ẹ̀."

"Màmá ní òun ò fẹ́ rí ojú ẹ."

"Ó tọ́ sí i."

"Mo ṣì máa fẹ́ ẹ. Mo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnìkan rí, mo mọ bó ṣe ń rí lára. Ṣùgbọ́n tó o bá tún fi nǹkan bò fún mi, ì báà ṣe ẹyọ bóòtù kan, mo lọ nìyẹn."

"Mo gbọ́."

"Olólùfẹ́ mi ni ẹ́ o," ó wí, ohùn rẹ̀ sì korò bí ẹni ń ka ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀.

Kọ́ọ̀tù ni wọ́n ti fẹ́ra wọn, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀gbọ́n ló fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Òun ló wa jíìpù wá, sítíárì àkọ́kọ́ tó máa dì mú láti ọdún méje. Kò bá ajórin bọwọ́. Aṣọ tí aránṣọ wọ̀ kò ní ohun ọ̀ṣọ́ kankan; òun fúnra rẹ̀ ló rán an, láàárín ọjọ́ méjì.

Nígbà tí wọ́n jáde, ìyá wà nínú ọkọ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n dé, ó kọ̀, kò wọ kọ́ọ̀tù. Ìjókòó iwájú tí ọkọ rẹ̀ kú sí ló jókòó lé, ó gbé báàgì lé itan, ó tẹjú mọ́ ọ̀nà. Aránṣọ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Màmá, ẹ kú ìjókòó."

Ìyá kò yíjú sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ajórin ti ń múra láti fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

"Sọ fún ọkọ ẹ kó jókòó sẹ́yìn mi," ni ìyá wí. "Mi ò fẹ́ máa rí i."

Ajórin gbọ́ ohun tí ó pè é: ọkọ. Ó wọ ọkọ̀, ó sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀.