Fólítì Mẹ́ta Péré

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹnu ló fi ń fẹ́ bọ́ọ̀dù rédíò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òjé lẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o. Kì í ṣe tíì."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó wo iṣẹ́ ọwọ́ mi títí, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń pè mí ní Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀. Bí a ṣe di olólùfẹ́ nìyẹn.

Ìsàlẹ̀ ni èmi ti ń tún bọ́ọ̀dù ṣe, òkè ni òun ti ń yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀gá wa ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gun àtẹ̀gùn lásán. Olólùfẹ́ mi bá fa wáyà láti tábìlì mi dé tirẹ̀, ó ṣe àpótí kékeré kan sí i. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì, iná á tàn lọ́dọ̀ mi, òmíràn á tàn lọ́dọ̀ rẹ̀. Áísì kan, ẹ̀yà ẹ̀rọ dúdú tí kò ju èékánná lọ, ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń rán iná lọ sókè. Fílípùfílọ́ọ̀pù ni wọ́n ń pè é. Ohun tí o bá sọ fún un kẹ́yìn ló máa dì mú, kò ní jù ú sílẹ̀ títí o ó fi sọ òmíràn.

"Irú ọkọ tí màá jẹ́ nìyẹn," ó wí. "Ṣùgbọ́n áísì irú tuntun ni o. Iná fólítì mẹ́ta péré ló ń gbà. Márùn-ún á pa á."

Ojoojúmọ́ ni mo ń yí ẹ̀rọ iná tí mo fi ń fún bọ́ọ̀dù níná sí mẹ́ta kí n tó fi àpótí náà kí i.

Bàámi ni kò fẹ́ kí n fẹ́ ẹ. "Ọmọ òrukàn! Bó bá lù ọ́ lọ́la, ta la máa lọ fẹjọ́ sùn?"

Kò pẹ́, wọ́n gbé iṣẹ́ fún olólùfẹ́ mi ní ìlú òkèèrè. Ó ní, "Olólùfẹ́ mi, bí Bàbá bá gbà kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì, tẹ bọ́tìnnì. Bí iná mi bá tàn, mi ò lọ mọ́. Bí kò bá tàn, màá lọ, mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan, kí n má baà dójú tì ọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Bàámi ṣí fìlà, wọ́n ní, "Ẹni tó bá wù ọ́ ló wù mí. Mú un wá."

Mo sáré padà síbi iṣẹ́. Fólítì márùn-ún ni àwọn bọ́ọ̀dù tí mo tún ṣe láàárọ̀ ń lò, ibẹ̀ ni mo fi ẹ̀rọ iná sí. Mi ò wò ó. Mo so àpótí mọ́ ọn, mo tẹ̀ ẹ́. Iná mi mọ́lẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo rò pé ojú ayọ̀ ni mo fi ń wò ó.

Mo dúró kó sọ̀ kalẹ̀. Aago mẹ́rin lù, wọ́n ní ó ti gba ẹ̀yìnkùlé bọ́ sínú ọkọ̀. Inú bí mi. Bó bá fẹ́ mi, ó ṣáà mọ àtẹ̀gùn. Mi ò kọ lẹ́tà, òun náà ò kọ.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ó wọlé wá kó bọ́ọ̀dù àtijọ́, òrùka ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí àpótí náà, mo fi ń tẹ bébà mọ́lẹ̀. Ó tú u wò. Áísì náà ti sán láàárín.

"Fólítì mélòó lo fún un?"

Mo rántí àwọn bọ́ọ̀dù àárọ̀ ọjọ́ náà. "Márùn-ún."

"Ṣé o tẹ̀ ẹ́ ni?"

"Mo tẹ̀ ẹ́. Bàámi gbà. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń bi mí pé kí ló dé tí ọmọkùnrin yẹn ò wá mọ́."

Ó jókòó, ó sunkún. Èmi náà sunkún. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n má bẹ òun, pé òun náà mọ àtẹ̀gùn, òun ni kò sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ó fi áísì tuntun sí i. Mo yí ẹ̀rọ iná sí mẹ́ta, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gòkè lọ sídìí tábìlì rẹ̀ àtijọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì.

"Ó tàn!" ó pariwo látòkè.

Ó sọ̀ kalẹ̀. "Ó dàbọ̀, Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ń dúró dè é nínú ọkọ̀. Mi ò pa iná náà títí a fi ṣíwọ́ iṣẹ́.